Ọwọ́ Tútù ní Ilé Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín bí mo bá wí fún yín pé ọ̀rọ̀ ọwọ́ tútù ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó sí iwájú kọ̀ǹpútà ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ọyẹ́ mú, tàbí tí wọ́n ti fi sí abẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù tí ń fẹ́ lu orí ẹni bí ẹni pé ó ń bá ènìyàn jà, mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọwọ́ a gan, ìka a wúwo, máòsì tí ó yẹ kí ó máa yọ̀ lọ geere a sì máa ta kiri bí èkúté gan-an tí àwọn òyìnbó fi sọ ọ́ lórúkọ.

Èrò tèmi nípa ọ̀rọ̀ yìí kò lọ́jú pọ̀. Òtútù tí ń bẹ nínú ọ̀pọ̀ ilé kọ̀ǹpútà wa kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run. Àwa àgbà ni a ń fi ọwọ́ ara wa dá a sílẹ̀, tí a sì ń fi ìyà rẹ̀ jẹ ọmọ tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ ọmọ náà bá sì kọ iṣẹ́, a ó ní orí rẹ̀ ni kò pé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe dé ìdí èrò yìí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo kó àwọn ọmọ kíláàsì ìparí lọ sí ibì kan ní ìlú Ilé-Ifẹ̀ yìí kí wọ́n lè fi ìdánwò orí kọ̀ǹpútà dánra wò. N kò ní dárúkọ ibẹ̀, nítorí kò burú ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Oṣù Jánúárì ni, agogo méje àbọ̀ òwúrọ̀ sì ni. Ọyẹ́ ti bo ìlú mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi rí àwọn òkè tí ó yí wa ká. Nígbà tí a wọlé, àfi bí ìgbà tí a bọ́ kúrò nínú òtútù kékeré bọ́ sínú ńlá: láti ìdájí ni ẹni tí ó ni ibẹ̀ ti tan gbogbo ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀, tí ó sì yí wọn wálẹ̀ sí 16.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí mo mọ̀ dáadáa pé ó gbọ́ ìwé. Bí ẹ bá bi í ní ìbéèrè, kí ẹ tó sọ ọ́ tán ni yóò ti fèsì. Nígbà tí èsì jáde lọ́jọ́ náà, kò gba ìdajì máàkì. Mo pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ní, "Kí ló dé?" Ó wolẹ̀, ó ní, "Sà, ẹ má bínú. Mo mọ̀ ọ́n. A ni mo fẹ́ tẹ̀, B ni ó mú. Bí mo bá ní kí n padà, á tún fò kọjá. Ọwọ́ mi kò gbọ́ tèmi mọ́, sà." Kí n má purọ́, ohun tí ó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé àwáwí ni. Ṣùgbọ́n bí ó ti padà sí àárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kan ọrùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Ìyẹn fò sókè, ó sì ké bí ẹni tí ejò bù jẹ.

Mo lọ jókòó sórí àga tí ọmọ náà ti dìde. Ojú ibi tí afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ náà ń bọ́ sí gan-an ni. Mo di máòsì mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn ìbéèrè. Kí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó pé, èmi tí mo ti ń lo kọ̀ǹpútà láti ìgbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, ọwọ́ mi ti kú. Mo ṣi ìbéèrè tí mo mọ ìdáhùn rẹ̀ tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè sọ fún ọmọ kankan mọ́ pé kí ó mú ọkàn le.

Ẹ wá jẹ́ kí a fi bírò wé máòsì. Bí òtútù bá mú ọmọ tí ń fi bírò kọ̀wé, lẹ́tà rẹ̀ a wọ́, ìlà rẹ̀ a sì máa gòkè máa sọ̀. Ṣùgbọ́n A tí ó wọ́, A náà ni, olùkọ́ tí ó bá sì ń yẹ ìwé wò yóò mọ ohun tí ọmọ náà ní lọ́kàn. Bírò a máa dárí jini. Máòsì kì í dárí ji ẹnikẹ́ni. Ohun tí ọwọ́ bá tẹ̀ ni ẹ̀rọ gbà gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn, kò sì béèrè bóyá ọkàn ni ó rán ọwọ́ níṣẹ́ tàbí òtútù ni. Pẹ̀lúpẹ̀lù, bí a ti ṣe máòsì ni pé bí ọwọ́ bá sún díẹ̀ lórí tábìlì, àmì tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà lè rìn láti etí kan dé etí kejì. Nítorí náà ìgbọ̀n tí kò tó nǹkan lọ́wọ́ ẹni a di ìfò ńlá lójú ẹ̀rọ. Ní ọdún 1964 ni Douglas Engelbart, ará Amẹ́ríkà, gbìmọ̀ ohun èlò yìí, tí Bill English sì bá a ṣe é. Igi ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni ó sì ní. Ní ọjọ́ 9 oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún 1968 ni ó lò ó lójú àwùjọ ńlá ní ìlú San Francisco. Ohun tí wọ́n ń wá ni pé kí iṣẹ́ lè yá. Iṣẹ́ náà sì yá lóòótọ́, àṣìṣe ọwọ́ tí ó gan náà sì yá pẹ̀lú rẹ̀.

Kí ni ó fà á tí ọwọ́ fi ń tutù ṣáájú àyà àti ikùn? Ara ènìyàn dàbí baálé ilé tí ọ̀wọ́n oúnjẹ dé bá: inú yàrá ni ó kọ́kọ́ ń kó oúnjẹ sí, kí ó tó rántí àwọn tí ó wà ní ìloro. Bí òtútù bá dé, ara a fún àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó lọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ pọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ gbígbóná lè dúró ti ọkàn, ẹ̀dọ̀fóóró àti ẹ̀dọ̀. Ọwọ́ ni ó wà ní ìloro. Ẹ tún wo ìka yín: ó tẹ́ẹ́rẹ́, awọ rẹ̀ pọ̀ ju ẹran inú rẹ̀ lọ, nítorí náà ooru a tètè sá kúrò lára rẹ̀. Àwọn ẹran ara tí ń fa ìka, inú apá àti àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n wà, bí ẹni tí ń fi okùn fa nǹkan láti òkèèrè. Ìka fúnra rẹ̀ kò ní ẹran tí yóò ṣiṣẹ́ tí yóò fi gbóná. Bí òtútù bá ti wọ̀ ọ́, omi tí ń bẹ ní oríkèé a ki, iṣan tí ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ dé ọwọ́ a lọ́ra, awọ kò sì ní mọ ohun tí ó fọwọ́ kàn dáadáa mọ́. Ọwọ́ tí ó di máòsì mú tún burú ju èkejì lọ, nítorí ojú kan ni ó wà. Ìka kan ṣoṣo ni ó ń tẹ nǹkan, ìyókù wà níbẹ̀ bí àlejò, etí tábìlì sì lè máa tẹ ọrùn ọwọ́ mọ́lẹ̀.

Ẹ̀rù pẹ̀lú a máa ṣe irú iṣẹ́ yìí. Bí àyà bá já ènìyàn, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ a fún pọ̀, ọwọ́ a tutù, a sì tún làágùn. Ẹ rò ó wò nígbà náà: ọmọ tí ẹ̀rù ìdánwò ti sọ ọwọ́ rẹ̀ di tútù láti ilé, tí a wá gbé sí abẹ́ ẹ̀rọ tí a yí sí 16.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ ẹnu ni mo ń sọ. Ní ọdún 2004, ọ̀jọ̀gbọ́n Alan Hedge ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà kéde ohun tí ó rí nígbà tí ó ń wo àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kan ní ìpínlẹ̀ Florida, ibi tí oòrùn ti ń mú bíi tiwa. Nígbà tí inú ilé wà ní nǹkan bí dígírì 25, wọn kò dẹ́kun títẹ ìwé, àṣìṣe wọn kò sì ju 10 lọ nínú 100. Nígbà tí ó wálẹ̀ sí 20, nǹkan bí ìdajì àsìkò ni wọ́n fi ń tẹ ìwé, àṣìṣe wọn sì gòkè dé 25 nínú 100. Àwọn tí ó wò kò pọ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹ sọ ọ́ di òfin tí kò lè yẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé 20 ni wọ́n ń pè ní òtútù níbẹ̀. Tiwa ni 16.

Níbo ni a ti wá kọ́ àṣà yìí? Mo rò pé àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni ó kọ́ wa. ENIAC, tí wọ́n fi han ayé ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1946, wúwo tó tọ́ọ̀nù 30, àwọn ìgò oníná bíi gílóòbù tí ó wà nínú rẹ̀ sì lé ní 17,000. Ooru tí ń jáde lára irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ, bí a kò bá sì fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù sí i, yóò bàjẹ́. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti gbà pé ibi tí kọ̀ǹpútà bá wà, òtútù gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kékeré tí ó wà lórí tábìlì yín kì í ṣe ọmọ ìyá ENIAC nínú ọ̀ràn yìí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe é ni ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ó lè ṣiṣẹ́ níbi tí ooru wà láti dígírì 10 dé 35. Èyí ni pé ara kọ̀ǹpútà náà le ju ti ọmọ tí ó jókòó sí iwájú rẹ̀ lọ, síbẹ̀ nítorí kọ̀ǹpútà ni a ṣe ń jẹ ọmọ níyà.

Kí n má ṣe fi ìdí òótọ́ kan pamọ́. Bí a bá kó igba ènìyàn àti igba kọ̀ǹpútà sínú gbọ̀ngàn kan tí a ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa, yóò gbóná. Ẹni tí ó bá ní kí a pa ẹ̀rọ amúlétutù níbẹ̀ lọ́sàn-án oṣù Márùn-ún kò fẹ́ràn ọmọ. Mo sì mọ̀ pé eruku ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbé bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà kò dára fún ẹ̀rọ, nítorí náà a kò lè ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu ní oṣù Jánúárì. Ohun tí mo ń bá jà ni pípa tí a ń pa ooru ju bí ó ti yẹ lọ. Àwa ará Ifẹ̀ pàápàá kò yẹ kí a ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Ẹ lọ wo àwọn ilé tí Arieh Sharon, ará Ísírẹ́lì, ya àwòrán wọn fún Yunifásítì Ifẹ̀, tí a ń pè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti ọdún 1987. Àwọn ilé tí wọ́n fi ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ èdè àti ìtàn fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, bí apẹ̀rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ gbòòrò, tí àjà òkè fi ń ṣíji bo tìsàlẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn àti òjò, tí atẹ́gùn sì ń gba àárín wọn kọjá. Ọkùnrin náà mọ̀ pé ìtura ni ènìyàn ń fẹ́ nílẹ̀ wa. Ìtura àti òtútù kì í ṣe nǹkan kan náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù ni mo fẹ́ kàn báyìí. Nínú kíláàsì kọ̀ọ̀kan tí mo ti kọ́, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí èyí tí kò ní ọmọ kan tí ó ní àìsàn fòníkúfọ̀ladìde. Ẹ mọ̀ wọ́n. Ẹ mọ bí wọ́n ti máa ń pa ilé-ẹ̀kọ́ jẹ fún ọ̀sẹ̀ kan, tí wọn yóò sì padà wá pẹ̀lú ojú tí ó ti jìn. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ wọn a máa tẹ̀ bí dòjé, a sì máa há sínú àwọn iṣan kéékèèké. Òtútù, tí ń fún iṣan pọ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun tí àwọn dókítà mọ̀ pé ó lè gbé ìrora ńlá dìde sí wọn. Ọwọ́ tútù tí ó lè mú kí èmi ṣi ìbéèrè méjì tẹ̀ lè gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dé ilé ìwòsàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ náà kì yóò sì sọ̀rọ̀, nítorí kò fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀, ẹni tí ń ṣọ́ ìdánwò sì ti ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe dìde. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, orí pẹpẹ ni rìmóòtù ẹ̀rọ amúlétutù sì wà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ní rọlẹ̀ lọ́la. Láti ọdún 2015 ni gbogbo ẹni tí ń wá ọ̀nà wọ yunifásítì ti ń ṣe ìdánwò JAMB lórí kọ̀ǹpútà: ìbéèrè 180 láàárín wákàtí méjì. Ìyẹn ni pé ìṣẹ́jú kan kò pé lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan; ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń lọ́ra kò ní ìṣẹ́jú kankan tí yóò fi ṣòfò. Ní ọdún 2024, WAEC pẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ fún àwọn tí ń ṣe ìdánwò wọn fúnra wọn láìsí ní ilé-ẹ̀kọ́, ìpín àkọ́kọ́ nínú ọdún náà sì bọ́ sí ìgbà ọyẹ́.

Nígbà tí àwọn àgbà kò tí ì gbọ́, àwọn nǹkan kan wà tí ẹ lè ṣe. Ọ̀pọ̀ yín ni kò mọ̀ pé JAMB ti ṣètò kí ènìyàn lè dáhùn gbogbo ìbéèrè láìfi ọwọ́ kan máòsì rárá. Lẹ́tà mẹ́jọ péré ni a nílò lórí kíbọ́ọ̀dù: A, B, C àti D fún ìdáhùn, N láti lọ sí ìbéèrè tí ó kàn, P láti padà sí èyí tí a ti kọjá, S láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, àti R bí ènìyàn bá yí ọkàn padà pé òun kò tí ì fẹ́ fi í sílẹ̀. Ìka tí ó gan lè má lè darí máòsì, ṣùgbọ́n yóò lè tẹ lẹ́tà kan ṣoṣo. Ẹ fi dánra wò kí ọjọ́ ìdánwò tó dé. Ọjọ́ ìdánwò kọ́ ni a ń kọ́ ọ.

Ní abúlé tí mo ti dàgbà lójú ọ̀nà Oǹdó, ìyá wa àgbà kì í jẹ́ kí a jáde lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ nígbà ọyẹ́ láìjẹ́ pé a ti yáná, kí a fi òrí pa ọwọ́, kí a sì mu ẹ̀kọ gbígbóná. Mo rò nígbà náà pé ìkẹ́ ni. Èmi ti wá mọ̀ pé ọgbọ́n ni: oúnjẹ ni ara fi ń dá ooru sílẹ̀, ẹni tí ó bá sì fi ebi lọ ṣe ìdánwò òwúrọ̀ ti pa iná ara rẹ̀ kí ó tó kúrò nílé. Ẹ wọ aṣọ tí apá rẹ̀ gùn dé ọrùn ọwọ́, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá lọ sí ìka. Ẹni tí ó bá bo ọrùn ọwọ́, ó bo ìka. Bí ẹ bá ń dúró de àsìkò, ẹ fi apá yín yípo, kí ẹ̀jẹ̀ lè sáré dé orí ìka, kí ẹ sì fi àtẹ́lẹwọ́ ra ara wọn. Ẹ má ṣe fi ẹnu fẹ́ ọwọ́ púpọ̀: èémí ní omi nínú, bí omi náà bá sì ń gbẹ, yóò tún mú kí ọwọ́ tutù sí i. Bí ìka ẹnikẹ́ni bá sì ń ṣì funfun tí ó ń dùn ún nígbàkigbà tí òtútù díẹ̀ bá dé, kí ó lọ rí dókítà. Maurice Raynaud, ará Faransé, ti kọ̀wé nípa irú àìsàn bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1862, kì í ṣe ohun ìtìjú.

Èyí tí ó kẹ́yìn nínú ohun tí ẹ lè ṣe ni ó ṣòro jù, nítorí a kò tọ́ yín láti máa pàṣẹ fún àgbà. Ẹ na ọwọ́ sókè, kí ẹ sì wí pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, òtútù ń mú wa, ẹ bá wa yí i sókè díẹ̀." Kò sí àfojúdi nínú rẹ̀. Bí ẹ bá sọ ọ́ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, ó sàn ju kí ẹ sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn tí èsì bá ti jáde.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ tiwa, mo lẹ ìwé kékeré kan mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, mo kọ 25 sára rẹ̀ gàdàgbà. Bí mo bá ti jáde báyìí, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan tí wọ́n wọ kóòtù á tún yí i wálẹ̀ sí 18. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá mo gba rìmóòtù náà lọ́wọ́ wọn. Ó wà nínú àpò ṣòkòtò mi bí mo ti ń kọ ìwé yìí.